Ìṣirò tí Kò Pé nínú Àlọ́ Oyin

Ní ọdún 1705, Bernard Mandeville, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì tí ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, gbé àlọ́ kan jáde ní ewì. Ilé oyin kan ni ó fi ṣe ìtàn: ó lọ́rọ̀, ó lágbára, ṣùgbọ́n jìbìtì ló kún inú iṣẹ́ gbogbo níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ kí ó lè rí owó gbà; oníṣègùn ka òkìkí sí ju ìlera aláìsàn lọ; àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sì ń yí ìdájọ́ po. Síbẹ̀, àwọn oníjìbìtì yìí kan náà ní ń ké pe òrìṣà pé kí òtítọ́ jọba. Inú bí Júpítà, ó sì sọ gbogbo wọn di olóòótọ́.

Ibẹ̀ ni ìṣubú ti bẹ̀rẹ̀. Onígbèsè san gbèsè. Agbẹjọ́rò kò rí ẹjọ́ rò mọ́. Olè tán, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tí ń rọ àgádágodo. Iye ilé àti ilẹ̀ já wálẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣí lọ. Nígbà tí ogun dé, àwọn oyin ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kú. Àwọn tó ṣẹ́ kù fò lọ sínú ihò igi, àwọn àti òtítọ́ wọn.

Ní 1714 ni Mandeville sọ ewì yìí di odidi ìwé, tí ó sì kéde pé ìwà burúkú ẹnì kọ̀ọ̀kan lè di àǹfààní ìlú. Ní 1723, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ní Middlesex fi ẹ̀sùn kan ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kì í ṣe èsì. Ẹ̀rín tí òǹkọ̀wé fi àwọn alágàbàgebè rín tọ́ sí wọn. Òótọ́ sì ni pé ìnáwó ẹnìkan ni owó oṣù ẹlòmíràn. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni Keynes ṣe padà sí àlọ́ náà nínú ìwé rẹ̀ ní 1936.

Ibi tí ìṣirò náà ti wọ́ ni pé ó ka fàájì àti olè jíjà sí ohun kan náà. Ẹni tó ra aṣọ olówó ńlá sanwó fún ahunṣọ; owó olówó ni olè ń ná. Owó àgádágodo kì í ṣe èrè olè jíjà, ara gbèsè tí olè kó bá wa ni. Bí olè bá tán, alágbẹ̀dẹ a máa rọ ọkọ́. Àlọ́ yìí ni kò jẹ́ kí ó rọ ọ́.

Oyin gan-an kò jẹ́rìí sí i. Oyin a máa yan ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, nítorí bí ilé kan bá di aláìlera, oyin ilé mìíràn a wá jí oúnjẹ rẹ̀ kó, ilé náà a sì run. Oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú pamọ́ ni wọ́n sì ń jẹ la ìgbà òtútù já.

Àwa náà ń ṣe irú ìṣirò yìí. Bí ẹni tó kó owó ìlú jẹ bá ṣe àríyá, a ó ní owó náà ṣáà padà wá sọ́jà. A kì í béèrè ilé ìwòsàn tí owó oògùn rẹ̀ di ìlù àti ọtí. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àlọ́ tí ń yin olè nítorí ìnáwó rẹ̀ ń bá a gba epo sílẹ̀ ni.