Dígí Kọjú sí Dígí

Pijó 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa dúdú bí aṣọ tó mu aró yó. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó pọ̀, ní ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní 1975, òun ló sì ń gbé bàbá mi láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ láràárọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Nígbà tí mo ra kámẹ́rà ńlá àkọ́kọ́ mi ní 2013, àwọn ará ilé rò pé ìyàwó tàbí olóyè ni màá kọ́kọ́ gbé e kọjú sí. Pijó náà ni mo gbé e kọjú sí. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà wa, kò ní ibi tó ń lọ, kò sì ní bínú bí mo bá ní kó dúró fún wákàtí méjì.

Nikon D3100 ni kámẹ́rà náà. Wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde ní 2010. Tòkunbọ̀ ni tèmi, Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, pẹ̀lú lẹ́ńsì kan tó ń lọ láti mìlímítà 18 dé 55. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni dígí kékeré tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì. Dígí yìí dagun. Ó ń gba ohun tí lẹ́ńsì rí, ó sì ń jù ú sókè sí ihò tí a ń yọjú wò. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè kọjá sẹ́yìn, ihò á ṣókùnkùn, dígí á sì tún wálẹ̀. Ìró "ká-tà" tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, tirẹ̀ ni. Ẹ ro ìyẹn wò: ìgbà tí àwòrán ń wọlé gan-an ni ojú ayàwòrán kì í rí nǹkan kan. Ohun tó bá fẹ́ rí, kó ti rí i ṣáájú.

Ọ̀sán gangan ni mo ya fọ́tò àkọ́kọ́. Mo rò pé bí oòrùn bá ṣe mú tó ni fọ́tò á ṣe dára tó. Òrùlé ọkọ̀ funfun gbòò, abẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri, táyà kò hàn rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù wà lára ilẹ̀kùn. Èmi nìyẹn nínú ẹ̀wù pupa, mo gbé kámẹ́rà bojú. Okùn tí wọ́n sá aṣọ sí wà lẹ́yìn mi, ṣòkòtò méjì àti tówẹ̀lì kan. Ògiri ilé aládùúgbò wa sì gùn láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn. Gbogbo ọgbà wa ló wà lára Pijó náà. Pijó fúnra rẹ̀ ni n kò rí.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohun tí fọ́tò yẹn ń sọ tó yé mi. Ara ènìyàn ń mu ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Òfì ń mu ún. Pákó ń mu ún. Ojú ọkọ̀ tí wọ́n kùn tó ń dán ní tirẹ̀ ń dá àwòrán ohun tó wà níwájú rẹ̀ padà, ó sì hàn jù lára ọkọ̀ dúdú. Dígí ni. Ẹni tó bá ní òun ń ya ọkọ̀, ohun tó dojú kọ ọkọ̀ ló ń yà: ojú ọ̀run lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, igi àti ògiri láàárín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan ohun tí dígí yẹn máa wò. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, kí n tó wo ọkọ̀ tí mo fẹ́ yà, ẹ̀yìn ara mi ni mo ń kọ́kọ́ wò.

Màá fi ojú lé ihò, màá sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ yí ọkọ̀ ká. Ìgbésẹ̀ kan sí òsì, okùn aṣọ á kúrò lára fẹ́ńdà. Ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn, òpó iná á wọlé. Ó lè gba ogún ìgbésẹ̀ kí ara ọkọ̀ tó mọ́. Dígí kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ orí lẹ́ńsì, polarizer lorúkọ rẹ̀; mo ní ọ̀kan báyìí. Bí ẹ bá ń yí i, ẹ ó rí i tí ojú ọ̀run á máa parẹ́ lórí dígí iwájú ọkọ̀, tí ìjókòó àti sítíárì á sì máa yọ jáde. Ó wúlò fún dígí, ó wúlò fún ọ̀dà. Ṣùgbọ́n irin tó ń dán kò gbọ́ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ara irin padà kò ṣeé sẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Pijó 504 tiwa sì ní bọ́ńpà irin níwájú àti lẹ́yìn. Nítorí náà, a óò ṣì máa rìn.

Bàbá kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń ya fọ́tò láti ìgbà fíìmù, nígbà tí wọ́n ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Mo kó àwọn fọ́tò mi lọ bá wọn. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ní, "Imú ọkọ̀ yìí wú. Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Bí kámẹ́rà ṣe rí i nìyẹn, sà."

"Rárá o. Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé bí o ṣe máa ya bàbá rẹ nìyẹn?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́ńsì mi wà ní 18, mo sì dúró ní bíi mítà 3 sí ọkọ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé. Ohun tó bá sún mọ́ lẹ́ńsì a máa tóbi ju èyí tó jìnnà lọ. Iná iwájú wá tóbi bí àwo, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì tín-ín-rín. Àwọn bàbá wa nídìí iṣẹ́ fọ́tò ti mọ èyí tipẹ́. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Ohun tó rí ni ohun tí gbogbo wa mọ̀ lára ògiri pálọ̀: àgbà jókòó lórí àga, ara rẹ̀ wọlé láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kọ iwájú gan-an, ọwọ́ wà lórí itan, aṣọ tẹ́ rẹrẹ. Ayàwòrán kò lọ rọ̀ mọ́ ọn lójú. Ó fún àgbà ní àyè tó tọ́ sí i.

Mo wá pinnu láti ya Pijó bí a ṣe ń ya àgbà. Mo wá lẹ́ńsì mìlímítà 50 kan ti àtijọ́, f/1.8D, nítorí owó rẹ̀ kò ga. Ẹ̀ńjìnnì kékeré tó ń yí irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ kò sí nínú D3100, ọwọ́ ni mo fi ń yí i títí àwòrán á fi mọ́ kedere. Ẹni tó ń ya ọmọdé tó ń sáré kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún ọkọ̀, ohun tó dára ni, nítorí ó fi dandan mú mi pinnu ibi tí mo fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ lọ: iná iwájú tó sún mọ́ mi. Mo sún sẹ́yìn tó bíi mítà 11. Mo kúnlẹ̀ títí lẹ́ńsì fi bá iná ọkọ̀ dọ́gba. Ọkọ̀ tí a bá dúró yà láti òkè a máa dà bí ọmọ tí a ń bá wí. Mo yí sítíárì kí ojú rímù lè kọ sí mi. Imú Pijó padà sí bó ṣe yẹ kó rí.

Ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya ìrísí 504. Peugeot gbé e jáde ní Faransé ní 1968, ó sì gba oyè ọkọ̀ tó dára jù ní Yúróòpù fún 1969. Ẹ wo iná iwájú rẹ̀, bó ṣe dagun bí ojú ẹni tó ń wò yín láìrẹ́rìn-ín. Ẹ wá wo bọ́ọ̀tù: ó lọ gbọọrọ, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ lójijì kó tó dé bọ́ńpà. Ibi tó tẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ náà. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo ti yà lọ́sàn-án, kò hàn nínú ọ̀kan.

Òkè ló yí Ìkẹ́rẹ́ ká. Ọlọ́sùnta àti Òròlé ni àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Ọlọ́sùnta ní àwọn tó ń bọ ọ́ àti ọdún tirẹ̀, n kò sì gbé kámẹ́rà gùn ún. Gbalasa kan ní ọ̀ọ́kán, níbi tí a ti ń rí àpáta náà, ni mo gbé Pijó lọ nírọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ á di àtùpà kan ṣoṣo tó fẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, tí kì í gún nǹkan lójú. Ilẹ̀ tiwa kì í pẹ́ ṣú. Bí ogún ìṣẹ́jú ni a ní. Mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ISO 100, f/8, mo fi í sí aago ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ọwọ́ mi má baà mì ín. Fọ́tò àkọ́kọ́ gba ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó kẹ́yìn gba odidi ìṣẹ́jú àáyá 2. Àpáta wà lára ilẹ̀kùn, dúdú lórí dúdú, ojú ọ̀run sì tẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí omi. (Ní ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ a tilẹ̀ tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n eruku á ti bo ọkọ̀ kí ẹ tó to kámẹ́rà tán. Ẹ mú àkísà rírẹ̀ dání.)

Síbẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀tù ti tẹ̀ kò tíì hàn dáadáa. Ọlọ́wẹ̀ ló kọ́ mi ní ìyókù.

Ẹ mọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní 1938. Ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba wa níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ilẹ̀kùn tó fi Captain Ambrose hàn, òyìnbó ìjọba tí wọ́n gbé wá síwájú Ògògà, dé ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924. British Museum ló wà títí dòní. Òpó tí ọba jókòó sí, tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Chicago. Ìlú mi ni wọ́n ti kúrò, inú fọ́tò ni mo sì ti mọ̀ wọ́n. Mo tẹjú mọ́ fọ́tò ilẹ̀kùn náà lálẹ́ púpọ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ẹ jìn débi pé orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lára pákó, ẹni tó ya fọ́tò náà sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji ló ń sọ fún ojú bí ọ̀bẹ ṣe wọlé tó.

Ara ọkọ̀ kì í gba òjìji bẹ́ẹ̀, nítorí dígí ni. Kí ló máa ṣe iṣẹ́ òjìji fún un? Ó pẹ́ kí n tó rí i: ibi tí funfun àti dúdú ti pààlà nínú dígí náà ni. Bí ìlà funfun kan bá gba ara ọkọ̀ kọjá, gbogbo ibi tí irin bá ti tẹ̀ ni ìlà náà á ti tẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo yá aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun lọ́wọ́ ìyá mi. Wọ́n ní àwọn máa bá mi lọ. Wọ́n di etí kan mú, àbúrò mi di ekejì mú, wọ́n sì nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tí lẹ́ńsì kò ti rí wọn.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, ọkọ mi?"

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀, màámi. Díẹ̀ sí i. Ẹ ṣeun mà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ láti fẹ́ńdà iwájú, ó gba òkè ọwọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì kọjá, ó dé bọ́ọ̀tù, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ níbi tí àwọn ará Ítálì ti tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí i kí n tó tẹ bọ́tìnnì.

A ta Pijó náà ní 2018 fún mẹ́káníìkì kan ní Ẹmùré tó fẹ́ ẹ̀ńjìnnì rẹ̀. Fọ́tò ìrọ̀lẹ́ yẹn wà ní pálọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ìka mẹ́rin lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ní etí ìlà funfun náà. Ọwọ́ ìyá mi ni. Mo lè pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. N kò pa á rẹ́.