Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti Àwọn Olówó: Èwo ni Ebenezer Obey Gan-an?

Ọ̀kan nínú yín wá kí mi ní Ìsẹ́yìn níjọ́sí, ó ní, “Bàbá, ṣé olùkọ́ni ni Ebenezer Obey ni, àbí ẹni tó kàn ń ki àwọn olówó?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n tún àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà gbọ́ ná. Mo ti gbọ́ wọn wàyí, èsì mi rèé.

Ìdógò ni wọ́n ti bí Obey ní 1942, ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Fatai Rolling Dollar l'Ékòó kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, ẹgbẹ́ tó di Inter-Reformers lẹ́yìn náà. Akọrin ni, onígìtá ni, òun náà sì ni ọ̀gá ẹgbẹ́. Ayinde Bakare ti so gìtá mọ́ iná mànàmáná ní 1949. Obey wá sọ gìtá di púpọ̀, ó fi gángan kún gángan, síbẹ̀ ariwo ò bo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Báwo ló ṣe ṣe é? Ẹ wo aṣọ òfì ìlú wa. Ahunṣọ kì í hun odindi agbádá lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń hun, aránṣọ ló máa ń so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gìtá Obey rí: ọ̀kan ń gbá ohùn kékeré kan lágbàtúngbá, èkejì ń dá a lóhùn, gángan ń sọ tiẹ̀. Kò sí èyí tó tó orin nínú wọn fúnra rẹ̀. Ohùn Obey ni òwú tó rán wọn pọ̀.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti 1973. Gbogbo yín mọ ìtàn náà: bàbá, ọmọ, àti ẹran tí wọ́n ń dà lọ. Bí wọ́n ṣe é báyìí, ayé á bú wọn. Bí wọ́n ṣe é bọ́hùn-ún, ayé á tún bú wọn. Ìtàn àtijọ́ ni, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń pa á. Obey ò kánjú pa á. Ó ń rọra rìn bí ẹran náà ṣe ń rìn, ẹ̀bi kọ̀ọ̀kan sì ń rí àyè tiẹ̀. Àmọ́ ẹ wo èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù náà: The Horse, the Man and His Son. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti di ẹṣin! Àwa ará Òkè-Ògùn tí a bá Ìbàrìbá pààlà mọ ìyàtọ̀: ẹṣin yẹ ọlọ́lá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní tiẹ̀, ẹrù ló ń rù.

Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló wà nínú iṣẹ́ Obey. Ọdún kan ṣáájú, ní 1972, ó gbé Board Members jáde, ó ń ki àwọn gbajúmọ̀. Orin náà dùn, n kò purọ́. Òde irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló sì gbé aṣọ òkè Ìsẹ́yìn lárugẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn oríkì òde tí mo gbọ́, ẹni tó wọ aṣọ lorúkọ rẹ̀ ń jáde. Ẹni tó jókòó sídìí òfì, a ò gbúròó rẹ̀. Èyí dùn mí. Lónìí, bí mo bá gbé Board Members sí i fún ọ̀dọ́, àfi kí n máa ṣàlàyé ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò nílò alàyé.

Ṣé mo wá dẹ́bi fún un? Rárá o. Owó olówó ló ra gìtá tó fi pa ìtàn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún wa. Ẹni tó ti ń tẹ́ ayé lọ́rùn láti alẹ́ títí di ìdájí ló lè sọ fún wa pé ayé ò ṣeé tẹ́ lọ́rùn. Nígbà tó sì di ajíhìnrere ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òun fúnra rẹ̀ ló wá di bàbá inú ìtàn: bó kọ jùjú, wọ́n á wí, bó kọ orin ẹ̀mí, wọ́n á wí.

Nítorí náà, èsì mi nìyí: méjèèjì ni. Àmọ́ èyí tí yóò bá àwọn ọmọ ọmọ wa kalẹ́, orin tó gba ẹnu ẹran arẹrù ni. Ẹ lọ gbọ́ méjèèjì lẹ́yìn ara wọn, kí ẹ wá bá mi jiyàn.