Òkìkí Ìkànnì Kì í Ṣe Ẹ̀mí Gígùn Rẹ̀

Láàárín àwa olùkọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí a pàdé lóde òní kí ọ̀rọ̀ ìkànnì ìbáraẹnisọ̀rọ̀ orí ayélujára má wáyé. Àwọn kan á ní Facebook ni baba gbogbo wọn. Àwọn mìíràn á ní ayé ti kúrò níbẹ̀, pé ọ̀dọ̀ TikTok ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wa wà. Àwọn àgbà á sì dáhùn pé WhatsApp tó àwọn. Bí a bá fetí sí àríyànjiyàn náà dáradára, a ó rí i pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń wọn ìkànnì: iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ lónìí. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni láti fi hàn pé òṣùwọ̀n náà kò tó. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Èkíní ni òkìkí ìkànnì; èkejì ni pípẹ́ ìkànnì fúnra rẹ̀; ẹ̀kẹta, tí ó sì kan olùkọ́ èdè jù lọ, ni pípẹ́ ohun tí a bá fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ìkànnì lè ní èkíní kí ó má ní èkejì. Ó sì lè ní méjèèjì kí ó má ní ẹ̀kẹta rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ìtàn léèrè. Ní ọdún 2003 ni MySpace bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn débi pé ní 2005, News Corporation, ilé-iṣẹ́ Rupert Murdoch, fi 580 mílíọ̀nù dọ́là ra ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. Ní 2011, wọ́n tà á fún ẹlòmíràn ní nǹkan bí 35 mílíọ̀nù. Orkut, tí Google gbé jáde ní 2004, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ará Brazil àti India sọ ọ́ di tiwọn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2014, Google tì í. Google yìí kan náà ti gbé òmíràn, Google+, jáde ní 2011. Owó kò wọ́n wọn, ọ̀mọ̀ràn kò sì wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọlé kò bá ojúlùmọ̀ wọn níbẹ̀, wọ́n sì padà síbi tí àwọn ará wọn wà. Ní oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn ará ìlú.

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Owó lè ra aṣọ tuntun lóòjọ́. Àkísà kò sí lórí àtẹ, nítorí pé ọjọ́ pípẹ́ ni í sọ aṣọ di àkísà. Ohun tí ó jẹ́ àkísà fún ìkànnì ni àjọṣe tí àwọn ènìyàn ti ní níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: orúkọ àwọn ojúlùmọ̀, àwòrán ìgbéyàwó, ìkíni ọjọ́ ìbí, àti ìjà tí a ti parí. Èyí ni Google kò lè fi owó rà fún Google+. Ṣùgbọ́n àjọṣe pàápàá kò tó bí ọ̀nà tí ó wọ inú ọjà bá há. Àpẹẹrẹ èyí sì wà nílé níhìn-ín.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ó ń kọ́ni ní nǹkan bí ọdún 2012 yóò rántí 2go, tí àwọn ọ̀dọ́ South Africa bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè gbé e, dátà díẹ̀ ni ó sì ń jẹ. Bí ọmọ bá ti ń pẹ́ sí i níbẹ̀ ni oyè rẹ̀ ń ga sí i, láti ‘Novice’ títí dé ‘Master’ àti ‘Ultimate’, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń fi oyè náà yangàn bí ìjòyè ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ yangàn. Ní àkókò kan náà, BBM ni àwọn tí ó ní fóònù BlackBerry ń lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ènìyàn ṣọ̀rẹ́ yóò béèrè PIN rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ní PIN láti fún ni, a ó máa wò ó bí ará oko láàárín ìgboro.

Àìsàn BBM wà nínú ògo rẹ̀. Láti 2005 tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá 2013, ẹni tí kò bá ní BlackBerry kò lè bá wọn dá sí i. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọjà ti BBM, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ ọ́, ọ̀nà náà sì wọ́n. WhatsApp, tí Jan Koum àti Brian Acton dá sílẹ̀ ní 2009, la ọ̀nà púpọ̀: iPhone gbé e, Android gbé e, BlackBerry gbé e, Nokia tí ó kún ọwọ́ àwọn ènìyàn wa náà gbé e. Kò sì béèrè PIN. Nọ́ńbà fóònù tí ará àti ọ̀rẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń dá ni mọ̀. Nígbà tí BBM yóò fi ṣí ilẹ̀kùn fún fóònù mìíràn, ọjà ti ń tú. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2019 ni wọ́n tì í mọ́ àwọn ará ìlú. Facebook ní tirẹ̀ ti ra WhatsApp ní 2014 ní nǹkan bí 19 bílíọ̀nù dọ́là. Ohun tí ó rà ní ti gidi ni àwọn ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀.

Láti inú èyí ni a ti lè fa òfin kan yọ. Ìkànnì a máa pẹ́ bí àwọn tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, tí ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀ kò sì wọ́n wa. Nítorí ìdí èyí, ẹnikẹ́ni kì í dá nìkan kúrò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣí lọ yóò padà nítorí àwọn tí ó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá dìde pọ̀, bí ọjà alẹ́ ti í tú ni ìkànnì náà yóò tú.

Ìdánwò tí ó le fún òfin yìí wáyé ní ilẹ̀ wa ní 2021. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ síbẹ̀ kúrò. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dí ọ̀nà, ìjọba sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá rú àṣẹ náà yóò fojú ba ilé-ẹjọ́. Ìjọba wá ṣí ojú-ewé tirẹ̀ lórí Koo, ìkànnì kan tí àwọn ará India dá sílẹ̀ ní 2020. Bí ó bá ṣe pé a lè fi àṣẹ dá òkìkí sílẹ̀, ọdún yẹn ni Koo ìbá gba Nàìjíríà. Kò gbà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ètò VPN, tí ń mú kí fóònù dà bí ẹni pé ìlú mìíràn ni ó wà, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ lórí Twitter. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, lẹ́yìn oṣù méje, ìjọba ṣí ọ̀nà padà. Àwọn tí ó gbọ́ràn sì bá ọjà níbi tí wọ́n fi í sí. Koo fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní oṣù keje 2024.

Ikú Koo yẹ kí ó mú ẹ̀yin olùkọ́ èdè ronú jinlẹ̀, ì báà ṣe Haúsá, Ígbò, Ẹ̀fíìkì tàbí Yorùbá ni ẹ ń kọ́, nítorí pé ohun tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ohun tí àwa ń tọrọ lójoojúmọ́. Àwọn èdè abínibí India ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, Kannada àti Hindi láàárín wọn. Ní 2021, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ sọ pé àwọn ń ronú láti fi àwọn èdè Nàìjíríà náà kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí àwọn onílé-iṣẹ́ òkèèrè bá ti lè fi èdè wa sórí ìkànnì wọn, èdè wa ti bọ́ nínú ewu. Koo fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Pátákó tí a kọ ní èdè wa sí ẹnu ọ̀nà ọjà kò lè dá ọjà sílẹ̀. Àwọn tí ń fi èdè náà ná ọjà ni ó lè ṣe é. Ní oṣù kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún kíkọ Yorùbá lórí Twitter, kí ilé-iṣẹ́ náà lè fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Ohun tí mo yìn nínú iṣẹ́ yẹn ni pé wọn kò dúró de àyè kí wọ́n tó kọ̀wé. Kíkọ ni wọ́n fi tọrọ àyè.

Ẹnì kan lè wí pé TikTok ti sọ òfin mi di asán, nítorí pé ibẹ̀ kò béèrè ojúlùmọ̀. Òtítọ́ ni. Ohun tí a bá ti ń wò ni TikTok fi ń mọ ohun tí yóò tún gbé síwájú wa. Ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ lè dìde láàárọ̀ kí gbogbo ayé ti rí fídíò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí ni òkìkí rẹ̀ fi yá kánkán. Ṣùgbọ́n ẹ wo India, tí ìjọba rẹ̀ fòfin de TikTok ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2020. Kò tó oṣù kan tí Instagram fi gbé Reels kalẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe fídíò sì kó lọ síbẹ̀ àti sí ibòmíràn. Mo gbà pé ìfòfindè tiwọn pẹ́ ju tiwa lọ, a kò sì lè fi méjèèjì wé ara wọn láìkù síbì kan. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìyàtọ̀ kan hàn kedere: àwọn òǹwòran máa ń tẹ̀lé ìlù lọ sí agbo mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń jíròrò a máa wá ara wọn kiri.

A dé orí kókó kẹta, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Ní 2019, àwọn tí ó ni MySpace kéde pé nígbà tí àwọn ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, orin, àwòrán àti fídíò tí àwọn ènìyàn ti fi síbẹ̀ láti 2003 títí di 2015 ti sọnù. Ẹ ṣàkíyèsí pé MySpace kò tíì tì ní ọjọ́ náà. Ilé ṣì dúró. Ẹrù àwọn ayálégbé ni ó lọ. Ilé mìíràn wà tí kì í wó, tí ó kàn ń bọ́ sọ́wọ́ onílé tuntun. Ní oṣù kẹwàá 2022, Elon Musk fi 44 bílíọ̀nù dọ́là ra Twitter. Nígbà tí ó di oṣù keje 2023, orúkọ rẹ̀ ti di X, àmì búlúù tí a ti ń fún ẹni tí a dá mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sì ti di ohun tí a ń fi owó rà. Kò sí ayálégbé kan tí a bi léèrè.

Ẹ wá wo ohun tí àwa ń ṣe. Nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ lórí WhatsApp ni a ti ń jiyàn lórí ìtumọ̀ òwe. Ibẹ̀ ni a ti ń fi ohùn àgbà tí ń ki oríkì ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wa. Ibẹ̀ ni olùkọ́ kan ní Ṣakí ti ń rí ìbéèrè ìdánwò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní Kàdúná. Iṣẹ́ rere ni, kò sì sí ìwé ìròyìn kan tí ó lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà kò lè rí i. Ẹni tí ó wọlé lọ́la lè má bá ọ̀rọ̀ àná. Bí olè bá jí fóònù, tàbí tí ó bá bọ́ sínú omi, tí a kò sì ti ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ohùn àgbà náà lọ nìyẹn, àgbà fúnra rẹ̀ sì lè má sí mọ́ láti tún un kì. Lórí Facebook, ọ̀rọ̀ a pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a wó lé e lórí. Ẹni tí ń wá àlàyé tí a kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn dà bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú ẹ̀gbin ọjà.

Nítorí náà, kì í ṣe ìmọ̀ràn mi pé kí olùkọ́ sá fún ìkànnì. Ibi tí àwọn ènìyàn wà ni ẹni tí ó ní ọjà títà ń lọ, ẹni tí ó bá sì ń kọ́ni ní èdè gbọ́dọ̀ fi èdè náà sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọmọ wà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má fi ìsọ̀ ṣe àká. Àgbẹ̀ kì í kó gbogbo iṣu rẹ̀ lọ sí ọjà. Ó ní èyí tí ó tà, ó sì ní irúgbìn tí ó fi sílé. Túbọ̀sún kan náà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé YorubaName jáde ní 2016, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí ó ní ojú-ewé tirẹ̀ lórí ayélujára. Wọ́n lè polongo rẹ̀ lórí ìkànnì yòówù kí ó gbajúmọ̀. Bí ìkànnì náà bá sì kú, orúkọ kan kò ní ti inú ìwé náà jábọ́.

Ohun tí ó ṣeé ṣe fún ilé-ìwé kéékèèké náà nìyẹn. Àlàyé tí ó bá dára lórí WhatsApp, kí a dà á kọ sínú ìwé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pípé, orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Ohùn àgbà, kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan wà ní ilé-ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì béèrè lọ́wọ́ wa pé ìkànnì wo ni ó dára jù, kí a dá ìbéèrè mẹ́ta padà fún un: Ta ni o fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Èló ni ọ̀nà ibẹ̀ ń ná ọ? Bí wọ́n bá tì í lọ́la, kí ni yóò kù sí ọ lọ́wọ́? Òkìkí ìkànnì lè fún un ní èsì sí ti èkíní, owó dátà yóò sì fún un ní ti èkejì. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ tí àwa ní láti kọ́ ọ.