Gbólóhùn Ni Ìṣe Àti Ipò Ń Gbé: Lámèyítọ́ Lórí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò nílé-ìwé ló pín ọ̀rọ̀-ìṣe sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan jẹ mọ́ ìṣe, bíi "run", "eat" àti "build". Àwọn kan jẹ mọ́ ipò, bíi "know", "own" àti "believe". Wọ́n ní ti ìṣe lè gba "-ing", ti ipò kò gbọdọ̀ gbà á. Olùkọ́ á to orúkọ wọn sójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ á há wọn sórí. Òfin náà wúlò fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wá ìyàtọ̀ lọ síbi tí kò sí. Inú gbólóhùn ni ìṣe àti ipò ti ń yàtọ̀ síra, kì í ṣe lára ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Yorùbá tó ń ṣi "-ing" lò kì í ṣe aláìmọ ìyàtọ̀ yìí: ibòmíràn ni èdè tirẹ̀ pa ààlà sí.

Ìṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni: ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ láti ìpele dé ìpele. Ipò kì í ṣẹlẹ̀, ó kàn wà ni. Ẹni tó mọ ìdáhùn ìbéèrè kan mọ̀ ọ́n bákan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú, ì báà sùn, ì báà lajú. Iṣẹ́ "-ing" sì ni láti fi ohun tó ń lọ lọ́wọ́ hàn láìtíì parí. Ohun tí kò ní ìpele kò ní àárín tí a lè bá a. Ìdí nìyí tí "I am knowing the answer" fi ń ṣe etí bákan. Ẹ tún fi àṣẹ dán an wò: "Build this house!" ṣeé sọ fún bíríkìlà, "Own this house!" kò ṣeé pa láṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ní 1957, Zeno Vendler, onímọ̀ filọ́sọ́fì tí wọ́n bí ní Hungary, tú ọ̀rọ̀ yìí wò nínú àpilẹ̀kọ tó pè ní "Verbs and Times". Ó fi ipò sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì pín ìyókù sí mẹ́ta. "Run" kò ní òpin kan pàtó. "Run a mile" ní òpin tó ń lé. "Reach the top" ń ṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń sáré, tó wá dúró lójijì, ti sáré ná. Ẹni tó fẹ́ sá máìlì kan, tó dúró ní ìdajì, kò tíì sá máìlì kan. "Run" kan náà ni. "A mile" tó tẹ̀ lé e ló gbé e kúrò ní ìsọ̀rí kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni Vendler lóun ń pín, ṣùgbọ́n àpólà àti gbólóhùn ni àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ ń pín.

Ìsọ̀rí ipò pàápàá kò dúró gbọn-in. "I think he is right" ń sọ ohun tí mo gbà. "I am thinking about it" ń sọ pé mo ń rò ó lọ́wọ́. "She has a car" jẹ mọ́ ohun ìní, "She is having lunch" jẹ mọ́ oúnjẹ. "He is rude" ń sọ ìwà ẹni. "He is being rude" ń sọ ohun tó ń hù lọ́wọ́, tó sì lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí McDonald's, ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ, fi "-ing" kún "love" nínú ìpolówó wọn ní 2003, ohun tí wọ́n ń tà yé àwọn èèyàn: adùn tó ṣì wà lẹ́nu. Quirk, Greenbaum, Leech àti Svartvik, àwọn onímọ̀ gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ti rí irú ìyípadà yìí ṣáájú nínú gírámà ńlá tí wọ́n gbé jáde ní 1985. Lójú wọn, ìlò ọ̀rọ̀-ìṣe ló tọ́ ká pè ní ti ìṣe tàbí ti ipò.

Ẹ wá wo Yorùbá. "Adé sáré" ti kọjá. "Adé mọ ọ̀nà" wà bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Àsìkò afànámọ́nìí, èyí tó kó àná mọ́ òní, ni méjèèjì, kò sì sí àmì kankan tó yà wọ́n: ìṣe àti ipò ló yà wọ́n. Ṣùgbọ́n "ń" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì, ibá atẹ́rẹrẹ (ohun tó ń lọ lọ́wọ́) àti ibá bárakú (ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ déédéé). "Mo ń rí i lójoojúmọ́" tọ́, "Ó ń gbé Ìbàdàn" náà tọ́. Ẹni tó bá gbé "ń" yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì á sọ pé "I am seeing him every day". Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, "Ó wọ aṣọ pupa" àti "Ó jókòó" kò nílò "ń", torí ipò tí ẹni náà wà là ń sọ. Tí a bá ní "Ó ń wọ aṣọ", ó lè jẹ́ pé kò tíì wọ̀ ọ́ tán. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ á ní "She is wearing red" àti "She is sitting". "-ing" ló wà níbẹ̀, ipò ló sì ń sọ! Òfin pátákó kò ní èsì fún èyí.

Kí olùkọ́ wa dín orúkọ tó ń kọ sójú pátákó kù, kó sì fi gbólóhùn méjì-méjì wé ara wọn. Kó bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè: ṣé ó ń ṣẹlẹ̀ ni àbí ó kàn wà? Ṣé ó ní òpin tó ń lé? Ṣé a lè pa á láṣẹ? Lẹ́yìn náà ni kó fi hàn wọ́n pé "ń" àti "-ing" kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn níbi gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí á mọ ohun tó yẹ kó ṣe nígbà tó bá pàdé ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò sí lójú pátákó.