"Ewu tó borí" tàbí "ewu tó hàn gbangba"? Ọ̀rọ̀ kan nínú Àdéhùn lórí Òwò Ohun Ìjà

Àdéhùn lórí Òwò Ohun Ìjà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2013, so títa ohun ìjà mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Abala 7 ni ìdè náà wà: kí orílẹ̀-èdè kan tó ta ohun ìjà fún òmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n lè fi rú òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́nà tó burú jáì. Lójú tiwa, ibi méjì ni ìdè yìí ti dẹ̀: ẹ̀yán kan, àti olùwà gbólóhùn náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀yán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n má tà bí ewu náà bá jẹ́ "overriding". Faransé ní "prépondérant". Èdè Sípéènì ní "manifiesto". Ojúlówó ni gbogbo wọn lójú òfin, síbẹ̀ wọn kò sọ ohun kan náà. "Prépondérant" gbé òṣùwọ̀n wá: ewu wà lápá kan, àǹfààní ààbò wà lápá kejì, èyí tó bá wúwo jù ló borí. "Manifiesto" kò díwọ̀n nǹkan kan. Ohun tó bá ti hàn ti hàn. New Zealand ní tirẹ̀ kéde pé bí ewu náà bá ti tó nǹkan, òun kò ní tà.

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú àdéhùn yìí, Faransé ni a sì fi ń kà á. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ láti ibẹ̀ lè kọ "ewu tó borí". Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni "borí" nínú èdè wa. Ẹni tó borí gbọ́dọ̀ ní alátakò, gbólóhùn náà kò sì dárúkọ alátakò kankan. A dábàá "ewu tó hàn gbangba".

Síbẹ̀, ta ni yóò hàn sí? Ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lo "clear risk", wọ́n sì ń ta ohun ìjà fún Saudi Arabia nígbà tí bọ́ǹbù ń já lu Yẹ́mẹ̀n. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ìjọba lẹ́bi pé kò wádìí bóyá Saudi ti rú òfin ogun sẹ́yìn. Ní oṣù keje ọdún 2020, ìjọba ní òun ti wádìí: ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò tan mọ́ra wọn ni. Òwò tún bẹ̀rẹ̀.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú Abala 7, olùtajà ni olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe "pinnu". Ẹni tí bọ́ǹbù bá kò ní ipò kankan nínú gbólóhùn náà. Atúmọ̀ èdè lè tún ẹ̀yán ṣe. Olùwà kọjá agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kó tọ́ka sí i.