Iná Tí Kò Gbé Ènìyàn: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí fún Yíyan Wáyà ní Ilé Epo, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Ìwó

1. Ìfáárà

Láti ìgbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde ní 1984 ni àwọn onímọ̀ èdè ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ní Yorùbá. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé lórí. Ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí iṣẹ́ méjèèjì kò kàn: ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná. Ní Ìwó, bí ó ti rí ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin tí ó de iṣẹ́ náà. Àlàfo àárín èdè méjèèjì yìí ni iṣẹ́ yìí ń yẹ̀ wò, ní ibi tí àṣìṣe ọ̀rọ̀ ti lè di àjálù: yíyan wáyà fún ẹ̀rọ tí ń wọn epo inú táǹkì ní ilé epo.

Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu fún iná irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn "iná kékeré", jẹ́ orúkọ tí ń ṣini lọ́nà. Àti pé Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù ú lọ.

2. Tàn, Gbé, Ràn

Ọ̀rọ̀-orúkọ "iná" kó ohun púpọ̀ sínú: iná ìdáná, iná àtùpà, iná mànàmáná. Bí a bá dúró lórí ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan, a ó sọ pé èdè náà kò ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń yà wọ́n. Iná tàn, a rí ọ̀nà. Iná gbé ènìyàn, ó ṣubú. Iná ràn, ilé jó.

Oníṣẹ́ iná a máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe kejì díwọ̀n ewu. Iná ilé, tí agbára ìtì rẹ̀ jẹ́ volt 230, ń gbé ènìyàn. Nítorí náà ó léwu. Iná volt 24 tí ó ń lọ sí ẹ̀rọ ìwọnpo kì í sábà gbé ènìyàn. Nítorí náà, ó di "iná kékeré", wáyà kéwáyà sì tó fún un. Ìdíwọ̀n yìí tọ̀nà nínú yàrá. Ní ilé epo, kò tọ̀nà, nítorí pé ìbéèrè ibẹ̀ kì í ṣe bóyá iná yóò gbé ènìyàn, bí kò ṣe bóyá yóò mú afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù ràn. Agbára tí ó lè mú afẹ́fẹ́ náà ràn, nígbà tí ó bá pò mọ́ atẹ́gùn dáadáa, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún joule. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

3. Ẹ̀rí láti Senghenydd

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, 1913, ihò èédú bú gbàmù ní Senghenydd ní ilẹ̀ Wales. Awakùsà 439 àti ẹnì kan tí ó lọ dóòlà wọn ni ó kú. Ìwádìí kò fìdí ohun tí ó dá iná sílẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà agogo tí a fi ń ránṣẹ́ nínú ihò náà wà lára ohun tí a fura sí. Ìhòòhò ni wáyà náà wà. Bí a bá fi irin kan wọ́n pọ̀, agogo a dún. Kò sí ẹni tí ó rò pé iná agogo lè pa ènìyàn.

Ìwádìí tí Wheeler àti Thornton ṣe lórí irú agogo bẹ́ẹ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Wáyà tí a ká sínú agogo a máa fi agbára pamọ́. Nígbà tí a bá já ọ̀nà iná náà, agbára yìí a fò jáde, a sì ta pàrà. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni ìlànà kan ti jáde: kí a dín agbára inú ọ̀nà iná kù títí tí kò fi ní lè ràn, bí wáyà tilẹ̀ já tàbí tí ó tilẹ̀ kan ara wọn.

4. Ohun tí Òfin Béèrè lọ́wọ́ Wáyà

Ìlànà àgbáyé IEC 60079 pín àyíká eléwu sí mẹ́ta. Ibi tí afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná máa ń wà nígbà gbogbo tàbí fún ìgbà pípẹ́, bí inú táǹkì, ni 0. Ibi tí ó lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni 1. Ibi tí kì í sábà wà, tí kò sì ní pẹ́ bí ó bá wà, ni 2. Apá kẹrìnlá ìlànà náà ni ó sọ nípa wáyà. Rọ́bà ara wáyà ọ̀nà iná tí kò lè ràn gbọ́dọ̀ lè fara da ìdánwò volt 500, bí iná inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 24. Fọ́nrán inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju mìlímítà 0.1 lọ. A gbọ́dọ̀ ṣírò agbára tí gígùn wáyà lè fi pamọ́ mọ́ ti ẹ̀rọ. Bí a bá fẹ́ fi àwọ̀ dá a mọ̀, àwọ̀ ayìnrín, ìyẹn aró tí kò kún, ni a ó lò.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ìyàsọ́tọ̀. Wáyà yìí kò gbọdọ̀ bá wáyà iná ilé pọ̀ nínú páìpù kan náà láìsí ààbò láàárín wọn. Bí rọ́bà bá bó, volt 230 yóò gba ara wáyà kékeré wọ inú táǹkì. Ẹni tí ó gbọ́ "iná kékeré" kò ní ìdí tí yóò fi ronú bẹ́ẹ̀. Ààyè wà nínú páìpù, owó páìpù kejì sì wọ́n.

Ní Nàìjíríà, àjọ NEMSA ni ó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, àjọ NMDPRA sì ni ó ń fún ilé epo níwèé àṣẹ láti ìgbà Òfin Ilé-iṣẹ́ Epo Rọ̀bì ti 2021. Ṣùgbọ́n ayẹniwò kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń fa wáyà. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni ó máa ń wà níbẹ̀.

5. Àríwísí lórí Orúkọ

Orúkọ mẹ́ta ni ó ṣeé yẹ̀ wò. "Iná kékeré" ń fi ìwọ̀n pe nǹkan. A ti rí àléébù rẹ̀. "Iná aláìléwu" ń ṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ, nítorí pé tí a bá lo wáyà tí kò yẹ, ewu ti padà. "Iná aláìlèràn" ń fi iṣẹ́ pe nǹkan. Ó sọ ohun tí a ṣe é kí ó má lè ṣe, ó sì fi ìbéèrè sí ẹnu ọmọ iṣẹ́: kí ni ó lè mú kí èyí ràn?

A lè jiyàn pé kí a fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni ó wà lára ẹ̀rọ. Àríyànjiyàn yìí ní ìwúwo, ọmọ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dá orúkọ náà mọ̀ bí ó bá rí i. Ṣùgbọ́n dídá orúkọ mọ̀ yàtọ̀ sí mímọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a há sórí kò lè kìlọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ ki wáyà méjì bọ páìpù kan.

6. Ìgúnlẹ̀

Èdè-ìperí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún yàrá ìkàwé. Ní Ìwó, ọ̀rọ̀ kan tí a yàn dáadáa lè dé inú kòtò táǹkì kí òfin tó dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè ni láti jókòó ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn yẹn ń lò. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Orúkọ tí kò bá jẹ́ kí a mọ̀ pé iná ni, òun ni ó ń kùn wá ní oorun.