Ìyanu, Akọni Ọmọbìnrin Inú Kọ́míìkì

Ìyanu ni orúkọ ọmọbìnrin tí Roye Okupe fi ṣe akọni kọ́míìkì rẹ̀, Iyanu: Child of Wonder. Ilé-iṣẹ́ Dark Horse ti Amẹ́ríkà ló tẹ ìwé kìíní jáde lọ́dún 2021, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Godwin Akpan ló ya àwòrán inú rẹ̀. Nínú gbogbo akọni kọ́míìkì tí mo mọ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó lágbára jù ú lọ pọ̀ níta. Irú ọmọ tí agbára náà wá bá ló wọ̀ mí lọ́kàn: ọmọ tí kò ní baba, tí kò ní ìyá, tí kò sì rántí ibi tí òun ti wá. Àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Òkìtìpupa àti àwọn ìlú tó yí i ká, ní ìdí tiwa láti mọ rírì irú ẹni bẹ́ẹ̀, n ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bí a bá dé ibẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìwé náà ṣe rí. Kọ́míìkì jẹ́ ìwé tí àwòrán ń sọ ìtàn inú rẹ̀. A pín ojú ewé rẹ̀ sí àpótí-àpótí, àwòrán kan nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wà nínú róbótó funfun tó ní ìrù, ìrù náà a sì nà sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Láti òsì ni a ti ń kà á lọ sí ọ̀tún, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àpótí kan àti èkejì, ayàwòrán kì í yà á. Òǹkàwé ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ parí rẹ̀. Bí ọmọ bá bẹ́ nílẹ̀ nínú àpótí kan, tí a sì bá a lórí ògiri nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ojú wa kò rí i lófuurufú, ṣùgbọ́n ọkàn wa ti bá a fò. Akpan mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Aṣọ, ilẹ̀kẹ̀, irun dídì àti ilé ńláńlá tó yà sínú ìwé náà, láti ilẹ̀ Yorùbá ló ti wo àwòkọ́ wọn. Nígbà tí agbára bá sì dé sára Ìyanu, ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa tàn lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá yóò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Elu ni ìlú tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Odi gíga ló yí i ká, nítorí àwọn ẹranko tí ègún ti sọ di ẹhànnà ń kọlu ènìyàn, odi náà kò sì bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Olorì ni Ìyanu ń gbé, níbi tó ti ń kọ́ ìtàn àti ọgbọ́n àtijọ́. Ohun tó wù ú ni kí ó máa gbé ayé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé e. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ewu dé, agbára kan jáde lára rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, irú èyí tí a kò rí mọ́ láti ayé àtijọ́ tí iṣẹ́ ìyanu ṣì wọ́pọ̀. Láti ìgbà náà ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Bíyí àti Tóyè, ti ń rìn kiri láti mọ ẹni tí òun í ṣe àti orísun ìkà tó ń ba ayé wọn jẹ́.

Irú akọni báyìí ti pẹ́ láyé. Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Jerry Siegel ló kọ ọ́, Joe Shuster ló yà á. Ọdún 1938 yìí kan náà ni a tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Mo fẹ́ràn láti máa gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè rí i pé lọ́dún kan náà tí Amẹ́ríkà gbé akọni rẹ̀ jáde, Yorùbá náà ti ní tirẹ̀ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n Àkàrà-oògùn, akọni Fágúnwà, jẹ́ ọkùnrin, ó jẹ́ ọdẹ ọmọ ọdẹ, ó sì ní oògùn lọ́wọ́ kó tó wọ igbó. Lọ́dún 1966, Stan Lee àti Jack Kirby dá Black Panther sílẹ̀, ọba orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí kò sí níbì kankan bí kò ṣe nínú ìwé. Lọ́dún 1975 ni Powerman tẹ̀ lé e, kọ́míìkì tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó fún àwọn òǹkàwé Nàìjíríà. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, àmọ́ Brian Bolland àti Dave Gibbons, àwọn òyìnbó méjì, ló yà á. Okupe, tí wọ́n bí sí Èkó, tó sì kọjá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, ló wá dá ilé-iṣẹ́ YouNeek Studios sílẹ̀. Lọ́dún 2015 ó gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wale Williams. Ìyanu dé lẹ́yìn èyí, òun ló sì wọ inú ayé Yorùbá jinlẹ̀ jù nínú àwọn ìwé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa Ìkálẹ̀ nìyí. Ọmọ Ìkálẹ̀ tàbí Ìlàjẹ tó bá dàgbà nílé yóò ti gbọ́ orúkọ Ayélála, òrìṣà tí a fi ń búra, tí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ ń ké pè. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ẹrúbìnrin ni kó tó di òrìṣà. Ọkùnrin Ìlàjẹ kan ló bá ìyàwó ìjòyè ṣe àṣemáṣe, ó sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw), àwọn wọ̀nyí gbà á mọ́ra, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà láàárín ẹ̀yà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí ìjà, wọn kò pa ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹrúbìnrin yìí, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, ni wọ́n fi rúbọ dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá olè, ọ̀dàlẹ̀ àti abúra-èké lẹ́jọ́, òkìkí rẹ̀ sì ti kọjá ilẹ̀ wa dé Bìní. Nígbà tó wà láyé, kò ní ẹbí kan tí yóò dìde gbà á sílẹ̀. Nígbà tó kú tán, àwọn ìjòyè tó ní ẹbí rẹpẹtẹ ń bẹ̀rù àtiparọ́ níwájú rẹ̀.

N kò sọ pé ibẹ̀ ni Okupe ti rí Ìyanu. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Ayélála kò ní ṣe kàyéfì pé agbára fi ààfin sílẹ̀, ó fi ilé àwọn jagunjagun sílẹ̀, ó lọ bá ọmọ òrukàn. Ó ti mọ̀ pé ìlú a máa jẹ gbèsè lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní ẹni, gbèsè náà a sì máa dàgbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló mú Ìyanu jinlẹ̀ lójú mi. Ikú ni Ayélála fi gba agbára tirẹ̀, ìdájọ́ sì ni agbára náà. Ìyanu gba tirẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé tó wà láàyè, nítorí náà ó lè yan ohun tí yóò fi ṣe. Ó lè wo ayé tí kò fún un ní òbí kó sì bínú sí i. Ó yàn láti gbà á là. Okupe kò mú kí yíyàn náà rọrùn fún un. Ìyanu a máa bẹ̀rù, kò mọ bí agbára rẹ̀ ti pọ̀ tó, ó sì nílò ẹni tí yóò bá a rìn. Bí a bá fẹ́ gba akọni kan gbọ́, irú àìpé báyìí gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà mìíràn, Superman lágbára ju ẹni tí ènìyàn lè ṣàníyàn fún lọ, nítorí a ti mọ̀ pé kò sóhun tí yóò ṣe é.

Àǹfààní ìwé yìí fún àwọn ọmọ wa hàn sí mi kedere jù lọ lára àwòrán kan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Òkìtìpupa ya Ìyanu sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Bíró búlúù kan ṣoṣo ló lò. Ó fi ìlà tín-ín-rín-tín-ín-rín ṣe ìtànṣán tó ń jáde lójú ọmọ náà, ó tẹ ibi tó fẹ́ kó dúdú títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó sì gbin igi ọ̀pẹ méjì sẹ́yìn odi Elu, nítorí pé ọ̀pẹ ló yí ilé tirẹ̀ ká. Nínú róbótó tó ya sẹ́bàá ẹnu Ìyanu, èdè Ìkálẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti rántí akọni òkèèrè kan tí àwọn ọmọ wa fi ẹnu ìlú wọn bá sọ̀rọ̀ báyẹn.

Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Ìyanu ti di kàtúùnù lórí Cartoon Network, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Lion Forge. Serah Johnson ló ń sọ̀rọ̀ fún un, ohùn ọmọ Nàìjíríà sì ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn náà. Ó tàn ká ju ìwé lọ, èyí sì dára. Síbẹ̀, ìwé ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọ, torí pé nídìí ìwé, ọmọ lè dúró lórí àpótí kan fún ìgbà tó bá wù ú.

Àléébù kan wà tí kò yẹ kí n fò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, a sì tẹ àwọn orúkọ Yorùbá inú rẹ̀ láìfi àmì ohùn sí wọn, débi pé ọmọ tí kò gbọ́ èdè dáadáa kò ní mọ bí yóò ṣe pè wọ́n. Ìtàn tó fi ilẹ̀ Yorùbá ṣe ilé yẹ ní ẹ̀dà tí a kọ ní Yorùbá. Kí ìyẹn tó dé, òbí tàbí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì lè jókòó ti ọmọ, kó máa ka ọ̀rọ̀ inú róbótó, kó sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ilé bó ṣe ń lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kìíní, nítorí àṣírí ìbí Ìyanu ń tú díẹ̀díẹ̀ ni, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ láàárín yóò ti pàdánù ìgbà tí ọmọ náà kò tíì mọ̀ pé agbára kankan ń bẹ lára òun.